Òfin iná igbó ní Los Angeles, Oakland àti Berkeley: èwo ni ó wúlò fún onílé ẹ̀yìn ìlú Ìlọrin?

Ìlú mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mo yẹ ìlànà wọn wò fún àkọsílẹ̀ yìí: Los Angeles tí ó wà ní gúúsù, àti Oakland pẹ̀lú Berkeley tí wọ́n fara kan ara wọn ní àríwá, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè máa rìn lójú títì kan náà kí ó má mọ ìgbà tí òun kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ìlànà tí mo ń sọ ni èyí tí àwọn panápaná àti ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan gbé kalẹ̀ fún àwọn onílé, pé báyìí ni kí ẹ ṣe àyíká ilé yín kí iná igbó má baà wọlé tọ̀ yín. Mo fi ojú ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ìlú Ìlọrin kà wọ́n, níbi tí pulọ́ọ̀tì tí a kò tíì kọ́ ti yí ilé kan ṣoṣo ká, tí koríko sì máa ń ga ju ènìyàn lọ nígbà tí òjò bá fi máa dá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ẹgbẹ́ onílé kan ní Tanke, ní Ganmo tàbí ní ọ̀nà Ìdọ̀fìàn bá fẹ́ yá òfin lò, ti ìlú wo ni kí ó yá?

Kò sí onílé ẹ̀yìn ìlú tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé iná ọ̀dàn fún. Bí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, koríko tí ó ti tutù yọ̀yọ̀ yóò gbẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọdẹ á ti iná bọ̀ ọ́ nítorí ọ̀yà, darandaran á ti iná bọ̀ ọ́ kí koríko titun lè hù, àgbẹ̀ á fi iná palẹ̀ oko rẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn á sì kàn sun pàǹtírí lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Àwọn panápaná ìpínlẹ̀ Kwara a máa kìlọ̀ fún wa ní àsìkò ọyẹ́ pé kí a yé sun igbó, ìkìlọ̀ náà sì dára. Nọ́ńbà 112 náà wà tí ènìyàn lè pè bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò titun wa kò dára, iná tí afẹ́fẹ́ ń tì kì í sì í dúró de ọkọ̀ omi. Ohun tí yóò gba ilé là ni ohun tí onílé ti ṣe kí iná tó dé. Òfin tí àwọn ẹgbẹ́ onílé tí mo mọ̀ sì fi lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ju gbólóhùn kan lọ, pé kí oníkálukú ro àyíká rẹ̀. Títí dé ibo? Kò sọ. Di ọjọ́ wo? Kò sọ. Ta ni yóò wá wò ó? Kò sẹ́ni.

Kí a tó fi ìlú wé ìlú, ó yẹ kí a mọ ìpìlẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé. Òfin ìpínlẹ̀ California pàṣẹ pé kí onílé tí ó wà ní agbègbè iná igbó tún àyíká ilé rẹ̀ ṣe dé ẹsẹ̀ bàtà 100, tàbí dé ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ bá parí sí. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Láti ara ògiri dé ẹsẹ̀ bàtà 5 ni àkọ́kọ́, tí òfin ọdún 2020 fi kún ti tẹ́lẹ̀, níbi tí wọn kò ti fẹ́ kí ohun tí ó lè gbiná wà. Láti 5 dé 30 ni èkejì, níbi tí kò ti gbọdọ̀ sí ewé gbígbẹ, ẹ̀ka gbígbẹ tàbí koríko tí ó ti kú, tí orí igi kan kò sì gbọdọ̀ wọ inú ti èkejì. Láti 30 dé 100 ni ẹ̀kẹta, níbi tí koríko lè wà ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 4 lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ní kí onílé kó igi ìdáná àti pákó rẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò yìí ni pé ó fi iye sí ọ̀rọ̀. Ọmọ kékeré tí ó bá mú téèpù lọ́wọ́ lè mọ̀ bóyá ilé bàbá òun yege tàbí kò yege, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn.

Los Angeles kò dúró sí 100. Ní àwọn òkè tí wọ́n kà sí ibi tí ewu iná ti pọ̀ jù lọ, ẹsẹ̀ bàtà 200 ni àwọn panápaná ìlú náà ń béèrè, koríko ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 3 lọ. Wọ́n tún ní kí a ro ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni ẹni tí ń sá fún iná àti ọkọ̀ panápaná tí ń bọ̀ yóò gbà. Lójú àkọ́kọ́, òfin yìí kò bá wa mu. Pulọ́ọ̀tì tí a ń tà ní Ìlọrin kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ro ẹsẹ̀ bàtà 200 yí ilé rẹ̀ ká yóò ro ilẹ̀ aládùúgbò mọ́ tirẹ̀, yóò sì tún ro ti ẹni tí ó wà lẹ́yìn aládùúgbò. Àwọn onílé tí mo bá sọ ọ́ sì yára fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, wọ́n ní òfin àwọn ọlọ́rọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ka òfin náà dé ìsàlẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni yóò ro gbogbo ibi tí ó bá bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ bàtà 200 sí ilé èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ilé tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ilé ẹlòmíràn tí ó wà lórí ilẹ̀ kejì. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó ra ilẹ̀ tí kò sì kọ́ nǹkan kan sí i kò bọ́ nínú rẹ̀. Bí kò bá ro ó, ìlú á rán àwọn agbaṣẹ́ṣe wá ro ó, owó iṣẹ́ náà àti àfikún rẹ̀ á sì wá bá a níbikíbi tí ó bá wà. Àìsàn tí ń ṣe ẹ̀yìn ìlú Ìlọrin gan-an ni òfin yìí ń tọ́jú. Ẹni tí ń gbé inú ilé rẹ̀ a máa ro àyíká rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ṣe nítorí iná, á ṣe é nítorí ejò. Ilẹ̀ tí ń fa ìjọ̀gbọ̀n ni ti ẹni tí ó ra pulọ́ọ̀tì méjì, tí ó mọ fẹ́ǹsì dé ìdajì, tí ó gbé ọkọ̀ blọ́ọ̀kù kan dà síbẹ̀, tí ó sì padà sí Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun. Ọdún á gorí ọdún, koríko á borí fẹ́ǹsì, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè wọ inú rẹ̀ lọ ro ó nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí ààlà bá wà, ó yẹ kí ẹni tí ó ni inú rẹ̀ jíhìn ohun tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde wá pa aládùúgbò lára. Los Angeles nìkan ni mo ti rí i kí wọ́n kọ ọ́ ní kedere tó báyìí, mo sì gbóríyìn fún wọn.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rò pé kí igbó sáà ti jìnnà sí ilé ti tó, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yìí kan náà ní ọjọ́ keje oṣù kìíní ọdún 2025. Iná méjì ṣẹ́ yọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan ní Pacific Palisades, èkejì ní ẹsẹ̀ òkè tí ó wà lókè Altadena, nítòsí ìlú Pasadena, afẹ́fẹ́ líle gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Santa Ana sì gbé wọn wọ ìlú. Ilé àti ilé ìtajà tí ó parun lé ní 16,000, ènìyàn bí ọgbọ̀n sì kú. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó jó ní Altadena ni kò sí ní ibi tí máàpù kà sí ibi ewu tí ó ga jù lọ. Inú ìlú ni wọ́n wà, ilé ni ó ń tan iná ran ilé. Ìpẹ́pẹ́ iná ni afẹ́fẹ́ ń gbé fò síwájú, ó sì lè fò ju máìlì kan lọ kí ọwọ́ iná fúnra rẹ̀ tó dé, yóò sì bà lé ewé gbígbẹ lórí òrùlé, ẹní ẹnu ọ̀nà, àga onígi tàbí ìtí igi tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹni tí ó bá ti jí láàárọ̀ ọyẹ́ rí, tí ó bá eérú dúdú koríko lórí aṣọ tí ó sá, ti mọ ohun tí mo ń wí, nítorí láti ibi tí eérú yẹn ti wá, ìpẹ́pẹ́ tí kò tíì kú lè wá láti ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé Berkeley sí ipò kìíní. Ní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ìlú náà fọwọ́ sí òfin kan fún àwọn ilé tí ó wà lórí òkè níbi tí ewu ti pọ̀ jù, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, orí ẹsẹ̀ bàtà 5 àkọ́kọ́ sì ni wọ́n gbé agbára rẹ̀ lé. Wọn kò fẹ́ koríko níbẹ̀, wọn kò fẹ́ òdòdó tàbí igi kúkúrú tí a gbìn fún ẹwà, wọn kò sì fẹ́ èèpo igi tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń dà sórí ilẹ̀ ọgbà. Òkúta wẹ́wẹ́, kọnkéré tàbí ilẹ̀ lásán ni wọ́n fẹ́. Àwọn onílé kan fárígá, nítorí ẹni tí ó ti fi ogún ọdún tọ́jú òdòdó lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ kò ní inú dídùn láti hú u. Mo mọ ìbànújẹ́ wọn lára, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìgbìmọ̀ náà ṣe ohun tí ó tọ́.

Fún àwa, àǹfààní òfin yìí pọ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí ẹsẹ̀ bàtà 5 ni ìwọ̀n kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí a ti kà tí yóò wọ inú pulọ́ọ̀tì ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó ré ààlà kọjá. Mo gbé téèpù lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ní ọ̀nà Ìdọ̀fìàn, mo sì wọn ọ́n láti ara ògiri ilé ìdáná wọn. Wọ́n ti ro ìta fẹ́ǹsì mọ́ féfé, kò sí koríko kan tí ó ga níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 yẹn ni àpò èédú méjì wà, wọ́n fi wọ́n ti ògiri. Pákó àti ọparun tí ó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń da dẹ́kì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àpò sìmẹ́ńtì wà lórí wọn, wọ́n sì ti gbá ewé máńgòrò gbígbẹ jọ sí kọ̀rọ̀ tí pákó náà wà. Jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògiri blọ́ọ̀kù kì í jó, páànù kì í jó, ọkàn wa sì máa ń balẹ̀ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìpẹ́pẹ́ iná kan bá bà sínú ewé yẹn, ewé á ràn mọ́ pákó, iná pákó á gun pátákó tí a kàn mọ́ etí òrùlé, síílìn oníke á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, iná á sì ti bọ́ sí yàrá kí ẹni tí ó wà ní pálọ̀ tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Ṣé inú yàrá ni kí n wá kó èédú wọ̀ ni?" Ìbéèrè gidi ni. Òfin California ní kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, pulọ́ọ̀tì wọn kò sì ní 30 níbì kankan. A kó o lọ sí igun fẹ́ǹsì tí ó jìnnà sí ilé jù, a fi páànù àtijọ́ bò ó, a sì ro ìdí rẹ̀ mọ́. Kò pé tó ti Berkeley, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìdí fèrèsé lọ lọ́nà púpọ̀.

Oakland ní tirẹ̀ kò mú ohun tuntun wá nípa ìwọ̀n. Ohun tí ó ta àwọn yòókù yọ ni bí ó ṣe ń rí i pé òfin kò sùn sínú ìwé. Ìrírí ni ó kọ́ wọn: ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, iná kan ní àwọn òkè tí ó wà ní ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Berkeley pa ènìyàn 25, ó sì run nǹkan bí ilé 3,000. Lónìí, àwọn panápaná ìlú náà a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àgbègbè òkè lọ́dọọdún, wọn a sì yẹ ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́ wò pẹ̀lú. Owó iṣẹ́ náà kò sì já bọ́ láti ọ̀run. Ní ọdún 2013 wọ́n gbé owó orí ilẹ̀ tí wọ́n ń san fún un síwájú àwọn olùdìbò pé kí wọ́n tún un dá, ìbò díẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó wọlé. Ó di oṣù kọkànlá ọdún 2024 kí wọ́n tó dìbò gbà á padà, tí ilé ìdílé kan ń san dọ́là 99 lọ́dún. Àárín ọdún mọ́kànlá yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn alága ẹgbẹ́ onílé wa fara balẹ̀ wò, nítorí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé tiwa náà nìyẹn: gbogbo ènìyàn á gbà pé iṣẹ́ náà dára, títí a ó fi dárúkọ owó.

Apá kan nínú iṣẹ́ tí Oakland ń náwó sí yóò dùn mọ́ àwọn ará ilé wa. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń háyà. Wọ́n á dá ọgbà fún agbo ewúrẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ẹ̀rọ kò lè dé, ewúrẹ́ á sì jẹ koríko ibẹ̀ tán. Àwa tí darandaran ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá ní gbogbo ìgbà kò tíì jókòó bá wọn ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ onílé àti alángùá àdúgbò bá bá wọn sọ ọ́ ní ìparí òjò, nígbà tí koríko ṣì tutù tí ẹran ṣì fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi ibi tí ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ àwọn ènìyàn wà hàn wọ́n dáadáa, a lè rí ilẹ̀ tí ó pọ̀ gbà láìná owó púpọ̀. Dandan ni kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ má di ti ìjà.

Ọ̀rọ̀ òrùlé kò ní pẹ́ wa. Láti ọdún 2008 ni òfin ìkọ́lé California ti ń béèrè òrùlé àti ihò afẹ́fẹ́ tí iná kò lè tètè gbà wọlé fún ilé titun ní agbègbè iná. Páànù wa ti yege nípa ti àkọ́kọ́, èyí tí ó kù ni kí a fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ihò abẹ́ òrùlé, níbi tí ẹyẹ máa ń kó koríko sí. Ní ti igi, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó gé máńgòrò tí ó fún un ní ibòji nínú oòrùn Ìlọrin. Kí ó gé ẹ̀ka gbígbẹ tí ó yọ sórí òrùlé, kí ó sì máa gbá ewé rẹ̀ kúrò.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ yá lọ́wọ́ wọn ni ọjọ́ wọn. Nǹkan bí oṣù karùn-ún ni àyẹ̀wò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní California nítorí ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni ó ń bọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ro ilẹ̀ ní oṣù karùn-ún ní Ìlọrin ti fi owó ṣòfò, òjò á hù ú padà. Ìparí oṣù kẹwàá sí ìdajì oṣù kọkànlá ni ó tọ́ fún wa, kí a sì tún un yẹ̀ wò kí ọdún tó parí. Kí a kó koríko tí a bá ro kúrò níbẹ̀, nítorí èyí tí a fi sílẹ̀ yóò gbẹ ju èyí tí ó wà lórí ìdúró lọ, yóò sì máa dúró de ìpẹ́pẹ́ iná. Berkeley ní ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀ka igi tí wọ́n ń gbé kiri fún àwọn onílé. Àwa lè gbẹ́ kòtò, kí a dà á sínú rẹ̀ kí ó jẹrà. Ẹni tí ó bá dáná sun ún lọ́sàn-án ọyẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí òfin ń sá fún.

Nítorí náà, bí a bá ní kí n gba ẹgbẹ́ onílé kan nímọ̀ràn, ẹsẹ̀ bàtà 5 ti Berkeley ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún gbogbo ilé, lẹ́yìn náà kí wọ́n mú gbólóhùn Los Angeles lórí ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́, kí wọ́n sì dín ẹsẹ̀ bàtà 200 rẹ̀ kù sí gbogbo pulọ́ọ̀tì tí ó bá fara kan ilé. Kí wọ́n yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé bí ti Oakland, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé. Nípa ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí kò sí nílé, ohun kan ṣì wà nínú òfin ìpínlẹ̀ California tí ó lè ràn wá lọ́wọ́: láti oṣù keje ọdún 2021, ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilé ní agbègbè tí ewu iná ti ga gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ń rà á ní ìwé tí ó fi hàn pé àyíká ilé náà bá òfin mu. Ẹgbẹ́ onílé kò lè ṣe òfin ìjọba, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ a máa wá fi ara rẹ̀ han ẹgbẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́. Bí ẹgbẹ́ bá ti ń ro ilẹ̀ náà lọ́dọọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti fi tó ẹni tí ó ni ín létí, tí wọ́n sì ń pa rìsíìtì àwọn alágbàro mọ́, ọjọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ tàbí tí ó bá fẹ́ tà á ni kí wọ́n gbé àwọn rìsíìtì náà síwájú rẹ̀.